Ta Ló Kú Tí O Fi Fọwọ́ Lẹ́rán?

Ìjókòó kan wà tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá kì í fẹ́ rí lára ọmọdé. Òun ni kí ọmọ fi ìgbọ̀nwọ́ ti orúnkún, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ró, kí ojú rẹ̀ sì máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí ó sọ owó nù. Ìyá tí ó bá bá ọmọ rẹ̀ ní irú ìjókòó yìí kì í kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó ṣe é. Igbe ni yóò kọ́kọ́ fi bọnu: "Ta ló kú tí o fi fọwọ́ lẹ́rán? Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ kíá!" Ọmọ náà yóò gbé ọwọ́ kúrò, yóò dìde, yóò sì lọ wá iṣẹ́ kan dìmú. Lójú ìyá, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Èèwọ̀ yìí kò ṣàdédé wáyé. Ìjókòó ọlọ́fọ̀ ni fífọwọ́lẹ́rán, ẹni tí ó bá sì jókòó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kú, àwọn àgbà gbà pé ó ń fi ara rẹ̀ pe òfò wọlé ni. Ọgbọ́n mìíràn tún fara pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé bí ara bá ti rí ni ọkàn máa ń rí, àti pé ẹni tí ó bá sorí kọ́ pẹ́ títí, ìrònú rẹ̀ a máa bá orí náà lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lé ọmọ dìde, kí ó lè rìn, kí ó lè bá ẹgbẹ́ ṣeré. Fún ìbànújẹ́ kékeré, oògùn náà ń jẹ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ mìíràn wà tí kì í bá ọwọ́ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. Kí a wo ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan, irú èyí tí kò sí àdúgbò tí kò ní. Èsì ìdánwò jáde, kò rí bí ilé ti retí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sunkún, wọ́n sì pẹ̀tù sí i. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ kì í kan oorun lóru, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dìde láàárọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, yóò dáhùn bí ẹni tí ó fẹ́ jà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá títí, ó ní kí wọ́n sọ fún wọn pé òun kò sí nílé. Baba rẹ̀ pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ní emèrè ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti òde ọ̀run ni ó ń pè é. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé aláfojúdi ni. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò tíì sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni inú àyà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ èdè Yorùbá yóò rí i pé èdè náà kò ya ọkàn kúrò lára. Ẹni tí ẹ̀rù bà, àyà rẹ̀ já. Ẹni tí a ṣẹ̀, inú bí i. Ẹni tí ó pàdánù, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dojú rú fún, orí rẹ̀ gbóná. Ẹni tí ìdààmú rẹ̀ tán, ara rẹ̀ balẹ̀. A sì máa ń rọ ẹni tí ó ń kánjú pé kí ó fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Orúkọ tí a ń pe àìsàn tí à ń wí yìí pàápàá, ìsoríkọ́, ara ni a fi sọ ọ́: orí tí ó kọ́ sísàlẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa.

Àwọn òyìnbó kan fi ìgbà kan rí ṣi èyí gbọ́. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1953, J. C. Carothers, dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ọ́ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lámbò, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1954 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, tí ẹbí aláìsàn sì ń bá a wá láti máa se oúnjẹ fún un. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì wọ àwọn abúlé tí ó yí Abẹ́òkúta ká láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé wọn jáde ní 1963. Àwọn tí wọ́n bi léèrè kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo àìsàn náà pọ̀ bí àwọn dókítà òyìnbó ti ń kó o pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: agbára tí ó tán lára, ẹkún tí kò dá, oúnjẹ tí kò wọlé, ayé tí kò wuni mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni ó yàtọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbẹ́yìn. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ń kàwé ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná àwọn, ojú àwọn ń ṣe bàìbàì, nǹkan kan ń rìn nínú orí àwọn bí èèrà, ìwé tí àwọn kà kò sì dúró. Ó fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí àárẹ̀ ọpọlọ. Ní 1980, Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ ti Yunifásítì Ifẹ̀ gbé àlàyé tirẹ̀ jáde, èyí tí ó so ọ̀nà tí ara ń gbà ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ àìbalẹ̀ ọkàn akẹ́kọ̀ọ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé àìbalẹ̀ ọkàn àti ìsoríkọ́ ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ irú ìráhùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó sọ pé orí ń gbóná òun kò purọ́. Èdè baba rẹ̀ ni ó fi ń sọ ohun tí ó ń ṣe é.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1915. Ó fi hàn pé bí ewu bá yọjú, ara ènìyàn àti ti ẹranko a máa palẹ̀ mọ́ fún ìjà tàbí fún sísá. Ọkàn yóò máa lù kìkì, èémí yóò yára, ẹ̀jẹ̀ yóò kúrò nínú ìfun lọ sí apá àti ẹsẹ̀, ẹnu yóò gbẹ. Ìdí nìyí tí oúnjẹ kì í fi í wọ ọ̀fun ẹni tí àyà rẹ̀ já.

Ìránṣẹ́ méjì ni ọpọlọ ń rán lákòókò yìí. Ti àkọ́kọ́ yára bí mànàmáná. Inú iṣan ni ó ń gbà, òun ni ó sì ń mú kí ẹran kékeré méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín bí fìlà da oje adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ìránṣẹ́ kejì kì í kánjú. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ó ti ń gbéra. Yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹran kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ tí ó so rọ̀ síbẹ̀, ẹran náà yóò sì rán oje tirẹ̀ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá àwọn ará orí kíndìnrín pé kí wọ́n tú oje tí à ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù jáde. Iṣẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù ni láti tú oúnjẹ tí ara ti tọ́jú pamọ́ sílẹ̀ kí agbára má baà tán. Kì í ṣe májèlé. Láràárọ̀ ni ó máa ń ga sí i, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́yìn tí ènìyàn bá lajú, kí ó tó wá máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru.

Ètò náà jọ ti ìlú àtijọ́ nígbà tí ogun bá ń bọ̀. Onílù á lu ìlù ogun, gbogbo ọkùnrin á ju ọkọ́ àti àdá oko sílẹ̀, wọ́n á gbé ohun ìjà. Nígbà tí olórí ogun bá rí i pé ènìyàn ti pé, yóò ní kí ìlù dákẹ́. Nínú ara, kọ́tísọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni ó ń padà lọ bá ọpọlọ láti sọ fún un pé ó tó, kí ó dá ìlù dúró. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá ń dún lójoojúmọ́ tí ogun kò dé, etí olórí ogun á di sí ìròyìn pé ènìyàn ti pé. Ìlù kò ní dákẹ́. Oko kò ní rí ẹni ro. Ara tí ó wà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ráyè oorun, kò ráyè oúnjẹ, kò ráyè ìwé kíkà.

Ní 2009, Nestor Lopez-Duran àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ nípa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba tí ìsoríkọ́ ń ṣe. Wọ́n rí i pé kọ́tísọ́ọ̀lù àwọn wọ̀nyí sábà máa ń ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ara wọn dá lọ, ìpọ́njú ọkàn a sì máa gbé e sókè jù. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà lára gbogbo ọmọ. Àwọn mìíràn wà tí ètò náà ti rẹ̀ lára wọn, tí wàhálà bá dé tí ara kò tilẹ̀ dìde mọ́, pàápàá àwọn tí ìyà ti jẹ fún ọdún pípẹ́. Nítorí náà, kò sí dókítà tí ó lè gba itọ́ ẹnu ọmọ kí ó wò ó kí ó sì sọ pé ìsoríkọ́ ni.

Ìgbà ọ̀dọ́ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Apá ọpọlọ tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí, èyí tí ń kó ènìyàn níjàánu tí ó sì ń gbèrò ọ̀la, kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ogún ọdún dáadáa. Apá tí ń pariwo ewu ti jí tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ẹṣin ti dàgbà, ẹni tí yóò gùn ún ni kò tíì dàgbà.

Ìjánu mìíràn wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Iṣan gígùn kan gbéra láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ó gba ọrùn, ó dé ọkàn, ó dé ẹ̀dọ̀fóró, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn àti ìfun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa ọkàn padà bí ó bá ń sáré jù. Ẹni tí ó bá fọwọ́ lé ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lè fura sí i: bí a bá fa èémí sínú, ọkàn a yára díẹ̀, bí a bá mí jáde, a falẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń wọ̀n láti mọ bí ìjánu náà ti lágbára tó. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nínú gbogbo wọn, ó kéré lára àwọn ọ̀dọ́langba tí ìsoríkọ́ ń ṣe. Àyà àti inú tí iṣan náà dé, ibẹ̀ gan-an ni èdè Yorùbá ti ń wá ẹ̀dùn sí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Àwọn àgbà yóò bèèrè pé ṣé kì í ṣe ìyá ni ó yẹ kí ó mú ọkàn ọmọ balẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn yani lẹ́nu. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Trier ní Jámánì gbé ètò àdánwò kan kalẹ̀ tí àwọn olùwádìí ṣì ń lò káàkiri ayé. Wọ́n á ní kí ènìyàn múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó wá sọ ọ́ níwájú àwọn kan tí wọn kò ní rẹ́rìn-ín, tí wọn kò sì ní mi orí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí ó máa yọ 13 kúrò nínú 1,022 léraléra láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì í, kí ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ìṣirò ti pè síwájú pátákó rí kò nílò àlàyé púpọ̀. Itọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti wọn kọ́tísọ́ọ̀lù.

Camelia Hostinar, Anna Johnson àti Megan Gunnar lo irú àdánwò yìí fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn kan múra ọ̀rọ̀ wọn lọ́dọ̀ òbí wọn, àwọn kan lọ́dọ̀ àlejò. Fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ìrànlọ́wọ́ òbí pa ìlù ogun náà lẹ́nu mọ́. Fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún, kò yí nǹkan kan padà. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀dọ́langba kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ni kò gba ìtùnú ìyá lọ́nà tí ó ń gbà á nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ìyá tí ó ń sunkún pé ọmọ òun kò gbọ́ tòun mọ́ lè fi èyí tu ara rẹ̀ nínú díẹ̀.

Àwọn àgbà àtijọ́ mọ̀ ọ́n, bí wọn kò tilẹ̀ wọn itọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, wọ́n kì í fi í sílẹ̀ fún ìyá àti baba rẹ̀ nìkan. Ó ní ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyá àgbà tí ó lè sá lọ bá, ó ní àbúrò baba tí ń bá a ṣàwàdà, ó ní ìyàwó ilé kan tí ó lè sọ àṣírí fún. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìlú ńlá ń gbé inú yàrá méjì pẹ̀lú òbí méjì tí kì í dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Agbo náà ti túká, kò sì sí ẹni tí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan bí ènìyàn ti í kápá ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Ní 1998, James Gross ti Yunifásítì Stanford fi fíìmù tí ń kóni nírìíra han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nínú èyí tí àwọn dókítà ti ń gé apá ènìyàn. Ó ní kí àwọn kan wò ó bí wọ́n ti fẹ́. Ó ní kí àwọn kan máa rò ó bí ẹni tí ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó ní kí àwọn yòókù má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun hàn lójú wọn. Àwọn tí ó yí èrò wọn padà kò kórìíra ohun tí wọ́n rí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó dijú le kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìríra náà kò dín kù nínú wọn, àwọn àmì ìmúra ìjà lára wọn sì pọ̀ sí i. Ní 2000, Gross àti Jane Richards tún rí ohun mìíràn tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀: ẹni tí ó ń bo ẹ̀dùn mọ́lẹ̀ kì í rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójú rẹ̀ lásìkò náà dáadáa. Ọmọ tí ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ bo ìbànújẹ́ nínú kíláàsì, kò kù tó agbára tí yóò fi gbọ́ ẹ̀kọ́.

Níhìn-ín ni àṣà ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ó ní, "Mú un mọ́ra." Ó ní ọkùnrin kì í sunkún. Lẹ́yìn náà ni ó tún ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Òwe kẹta yìí ni ó sún mọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí jù lọ: kò ní kí ojú má sun omi, kò sì ní kí omi ojú bo ọ̀nà. A kò sì gbọdọ̀ rò pé gbogbo ìmúmọ́ra ni ó burú. Ìwádìí Emily Butler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó jáde ní 2007, fi hàn pé ìpamọ́ra kì í pa ẹni tí àṣà rẹ̀ fi í ṣe ìwà ọmọlúwàbí lára tó bí ó ti ń pa ẹni tí àṣà rẹ̀ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ọmọ máa mú un mọ́ra lójúmọmọ, kí alẹ́ lẹ́, kí ó má sì rí ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Àṣà fúnra rẹ̀ ń pèsè ibi ìsọ̀kalẹ̀ nígbà kan rí. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tí ó ń lọ ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. Tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó jù ú lọ. Bí ọjọ́ bá pé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jáde, yóò dúró níwájú ìyá àti baba, yóò sọ ẹ̀rù rẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò tọrọ ìre, omijé á sì máa bọ́. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ló kú. Ẹkún náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó ní ọ̀rọ̀, ó ní àwọn tí ń gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kí a máa fi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fọ́kọ nítorí kí ó lè ráyè sunkún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ohun tí ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ fi rọ́pò àyè yẹn, pàápàá fún ọmọkùnrin, tí àyè tirẹ̀ kò fẹ̀ rí.

Òwe kan wà tí ó yẹ kí àwọn àgbà ṣọ́ra fún lójú ọ̀dọ́, òun ni èyí tí ó ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ àwọn jagunjagun àti ọlọ́lá ni tẹ́lẹ̀. Baba tí ó sọ ọ́ lórí èsì ìdánwò kò ní ohun tí ó burú lọ́kàn, kò sì mọ etí tí ó bọ́ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọ̀kan nínú ọ̀dọ́ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 10 sí 19 ni ó ní àìlera ọkàn kan tàbí òmíràn, ìpara-ẹni sì wà lára ohun tí ń pa àwọn ọ̀dọ́ jù lọ láyé. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í fẹ́ fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rù ń bà wá pé bí a bá dárúkọ rẹ̀, a ti pè é, bí ọmọ tí ó fọwọ́ lẹ́rán ti pe ọ̀fọ̀. Madelyn Gould àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Bíbéèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ bóyá ó ti ro ikú rí kò fi èrò náà sí i lọ́kàn, kò sì dá kún ìdààmú rẹ̀. Ara àwọn tí ìsoríkọ́ ti ń ṣe tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bi wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó bínú ni ìsoríkọ́ ń ṣe. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni pé kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ náà, tí inú ọmọ bàjẹ́, tàbí tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, kí oorun, oúnjẹ, agbára tàbí ìwé kíkà sì yí padà. Lára ọ̀dọ́langba, ìkanra lè rọ́pò ẹkún, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣì í pè ní àfojúdi. Bí ọmọ bá wá ń sọ pé òun ì bá kú, a kì í ka ọ̀sẹ̀ fún ìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni a ń mú un lọ, a kì í sì í fi òun nìkan sílẹ̀.

Ibi tí a lè mú un lọ wà. Ilé ìwòsàn Arò ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá wà ní Èkó, ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ibùdó tí ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti onírúurú orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ìtọ́jú ọkàn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Òfin àtijọ́ tí ó sọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè ti kúrò nílẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ ọmọ nílò kò ju ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ lọ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ ọ bí yóò ti mú èrò tí ń yọ ọ́ lẹ́nu jáde síta kí ó yí i wò, bí yóò ti sùn kí ó sì jí ní àkókò, bí yóò ti padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan a máa gba oògùn pẹ̀lú, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà.

Ohun kan a máa ya àwọn òbí lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti gbọ́ tẹnu wọn, yóò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ jókòó síta díẹ̀, kí òun lè bá ọmọ sọ̀rọ̀. Baba mìíràn a máa bínú pé kí ni ọmọ òun fẹ́ sọ tí òun kò gbọdọ̀ gbọ́. Ìyá a fà á láṣọ, wọ́n a jáde, wọ́n a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlẹ̀kùn a padé. Ó sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó máa gbọ́ ohùn ọmọ náà láti inú wá.